Àkọ́so Àgbàdo

"Ta ló ń dáná lórí ilẹ̀ mi?"

Stella ti ń pariwo kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Èéfín ń rú láàárín ilẹ̀ tí òun àti ọkọ rẹ̀ rà ní Ibafo lọ́dún tó kọjá, àgbàdo sì ti bo ibẹ̀ láti òpó ààlà kan dé èkejì. Bàbá arúgbó kan jókòó ti ààrò, ó ń yí àgbàdo tútù lórí iná tòun ti háhá rẹ̀.

Ta ni kò mọ̀ pé wọ́n ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì láti Mowe títí dé Ibafo? Onílé wọn ní Akute sì ti ní kí wọ́n kó jáde. Bí ilẹ̀ yìí bá lọ, kò síbi tí wọ́n fẹ́ kó ọmọ sí.

"Ẹ káàbọ̀ o," bàbá dìde. "Ẹ kú ìrìn. Bùrẹ́ímọ̀ lorúkọ tèmi."

Ẹ ò rí nǹkan! Arúgbó tó tó bàbá rẹ̀ bí ń fi "ẹ" kí i! Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ara fu ú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ọ̀wọ̀ èké kọ́ ni wọn yóò fi mú òun.

"Ẹ káàsán, sà. Ta ló ní kẹ́ ẹ dáko síbí?"

"Ilẹ̀ ṣófo, mo ní kí igbó má bò ó. Mo ti ń retí yín." Bàbá ṣa èyí tó tóbi jù nínú àgbàdo náà, ó bó o, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. "Ẹ gbà. Èmi gan-an ò tíì fẹnu kàn án."

Ó ń retí mi? Kí ló dé tí bàbá fúnra rẹ̀ ò tíì jẹ ẹ́? Stella sún sẹ́yìn.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Mi ò jẹ. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ká wò ó."

Bàbá gbé àgbàdo náà lé ewé létí iná, ó mú àdá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ àgbàdo tó wà lóòró lulẹ̀ tọmọtọmọ.

"Kí lẹ wá ń ṣe yẹn?"

"Mò ń lọ. Kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe?" Bàbá tún bẹ́ ọ̀kan lulẹ̀. "Ìṣákọ́lẹ̀ mi ni mo gbé fún yín. Nílùú tiwa, àgbẹ̀ kì í jẹ àkọ́so oko kí onílẹ̀ tó jẹ. Bí onílẹ̀ bá gbà á, àgbẹ̀ dúró. Bó bá kọ̀ ọ́, ó lé àgbẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹ wá ri òpó ni mo ti mọ̀ yín lójú. Gbogbo ẹni tó wá yọjú síbí ni mo ń sọ fún pé ilẹ̀ yìí ti ní onílẹ̀."

Ojú ti Stella, àmọ́ ìfura ò kúrò. Àbí ìtàn ni bàbá ń pa fún òun? Kò tíì rò ó tán tí ọ̀kadà méjì fi dé. Hàkímù ló wà lórí ọ̀kan, ọmọ onílẹ̀ tó ta ilẹ̀ náà fún wọn. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù tẹ̀ lé e.

"Hàkímù! Ṣé ilẹ̀ mi lẹ tún ń tà ni?"

"Màdáámù, mi ò mọ̀ yín rí," Hàkímù parọ́ bí ẹni mumi. "Kò sẹ́ni tó tíì ra ilẹ̀ yìí."

Rìsíìtì wà nílé, ní Akute. Stella fa fóònù yọ kó pe ọkọ rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Ọkùnrin oníkóòtù wo Hàkímù, ó wo Stella, ó wá kọjú sí àgbẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń dáko níbí. Ta ni onílẹ̀ yín?"

Bàbá fi àdá tilẹ̀, ó ń wo Stella. Kí ló fẹ́ sọ? Stella ṣáà ti kọ ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé bàbá àti Hàkímù ló jọ gbìmọ̀ ńkọ́? Ẹ̀rù ba Stella gan-an. Síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ lórí eérú, eékún méjèèjì, ó mú àgbàdo náà lórí ewé, ó gé e jẹ. Ó gbóná, ó sì dùn. Ó tún gé e jẹ.

"Bàbá, ta ni onílẹ̀ yín?" ọkùnrin oníkóòtù tún bi í.

Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ nawọ́ sí Stella.

"Àwọn rèé," ó ní. "Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ tán."