Iṣẹ́ Tí Fisáyọ̀mi Dá Dúró

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Fisáyọ̀mi fi bá ètò kọ̀ǹpútà kan jà. Ilé-iṣẹ́ wọn ní àdúgbò Mayfair ló kọ ọ́ fún àwọn tó ń sin adìẹ. Ẹ̀rọ tó ń wọn ooru wà nínú ilé adìẹ kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà fi ìròyìn ránṣẹ́. Ètò náà, tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Haskell kọ, ló ń da gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí pọ̀ sójú kan, òun ló sì ń pe olóko bí ooru bá ti pọ̀ jù. Àmọ́ bó bá di ọjọ́ kẹta, mẹ́mórì á kún bámúbámú, ètò á kú. Fisáyọ̀mi á tún un tàn.

Ni Àmínátù, ọmọ Modákẹ́kẹ́, bá gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, ó ti rí ohun tó ń fà á, ó sì lọ bá Fisáyọ̀mi, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó fi í sínú ètò.

"Àǹtí, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ẹ̀rọ ooru á ṣí ọ̀nà tuntun, ṣùgbọ́n ètò wa ò jáwọ́ lára ti àtijọ́. Òkú ọ̀nà ló kún mẹ́mórì. Mo ti kọ ọ́ kí èyí tó bá ti já máa kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì, pàtẹ́wọ́. "Ọmọ yìí mà mú o!"

Kò rántí ẹni tó ti ń wá àṣìṣe náà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó dun Fisáyọ̀mi. Ó ka iṣẹ́ náà: ìlà mọ́kànlá péré, kò sí àbùkù kan níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ó tẹ èsì pé, "Kò tíì tó. Tún un ṣe."

Ọmọ náà tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Fisáyọ̀mi dá a padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, oòrùn ń mú ganrínganrín, ètò kú. Àlàájà Àbíkẹ́, olóko kan, pè wọ́n pẹ̀lú ẹkún. "Fóònù mi ò dún o! Mo dé oko, igba òròmọdìẹ ti kú!"

Ògúndèjì kọjú sí Àmínátù. "Ìwọ lo fi iṣẹ́ falẹ̀!"

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ Fisáyọ̀mi.

"Ẹ má bá a wí, sà," ni Fisáyọ̀mi wí. "Èyí tó kọ́kọ́ kọ ti dára. Èmi ni mo dá a dúró."

"Nítorí kí ni?"

"Owú ni, sà."

Ọjọ́ náà ni wọ́n fi ìlà mọ́kànlá yẹn sí i, mẹ́mórì kò sì kún mọ́. Ògúndèjì gba iṣẹ́ àyẹ̀wò kúrò lọ́wọ́ Fisáyọ̀mi. Fisáyọ̀mi lọ bẹ Àlàájà nílé, ìyá náà gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó jókòó.

Àmínátù ṣì ń kí i láràárọ̀, àmọ́ kì í gbé iṣẹ́ wá bá a mọ́. Bí ọ̀gá bá sì yin ọmọ náà, ó ṣì máa ń dun Fisáyọ̀mi. Á kọjú sí iṣẹ́ tirẹ̀.