Àga Kápútẹ́nì

Obìnrin yìí, inú bàálù ló ti ń jẹun, ṣùgbọ́n kò wọ bàálù lọ ibì kankan rí láyé ẹ̀. Agbálẹ̀ ni ní pápákọ̀ òfuurufú. Bí bàálù bá ti balẹ̀, tí èrò sọ̀ kalẹ̀ tán, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á sáré gòkè tàwọn ti ìgbálẹ̀ àti àkísà, wọ́n á ṣa bébà, wọ́n á ha ṣingọ́ọ̀mù tí ọmọ ọlọ́mọ lẹ̀ mọ́ àga, wọ́n á to bẹ́líìtì sórí ìjókòó kó wuyì, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, bàálù á tún gbéra. Òun á dúró nílẹ̀, á máa wo ìdí ẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Ọkọ ẹ̀ ńkọ́? Fíríìjì ló ń tún ṣe. Ọwọ́ ẹ̀ mọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu ẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀ débi pé kì í pè é lórúkọ. Ẹyinjú ló ń pè é, lójú oníbàárà, lójú àna, níbi gbogbo. "Ẹyinjú, bá mi na súkúdíráfà yẹn." Ìyàwó á ní, "Ojú tó ní ẹyin yìí á kúkú fọ́ lọ́jọ́ kan." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ilé ẹ̀rín ni ilé wọn kí bàálù tó wọ̀ ọ́.

Oníbàárà kan tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn ló fi kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan ta ọkọ lọ́rẹ, inú ẹ̀ ni eré bàálù wà. Eré ló pè é nígbà yẹn o. Kò pẹ́ tó fi bá àwọn kan pàdé lórí ẹ̀rọ náà, èèyàn oríṣiríṣi ìlú, tí wọ́n kóra jọ dá ilé-iṣẹ́ bàálù sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí kò ní bàálù, tí kò ní ọ́fíìsì, tí kì í san owó oṣù, àmọ́ tí òfin ẹ̀ le ju ti bárékè lọ. Bí ọ̀nà kan bá gba bàálù tòótọ́ ní wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta náà lo máa jókòó. O ò gbọ́dọ̀ dá a dúró. Bó o bá wà lójú sánmà, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọ pé ṣé o wà níbẹ̀ àbí o ti sùn. Bó ò bá tètè dáhùn, ìrìn àjò yẹn ti dòfo. Bó o bá balẹ̀ gbì, wọ́n á yọ máàkì. Bó o bá ṣe dáadáa, wọ́n á fi ìlà oyè kan kún èyí tó wà léjìká ẹ. Ẹni tó bá gba ìlà mẹ́rin ni kápútẹ́nì.

Ìlà mẹ́ta ti wà léjìká ọkọ. Ó tiẹ̀ ní kí télọ̀ rán an mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún un. Bàálù Orí Tábìlì làwọn ará àdúgbò ń pè é.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyàwó ń bá a ṣe é. Bí wọ́n bá fẹ́ da páálí tó wà nínú àpò ẹ̀yìn àga nù, èyí tí wọ́n ya àwòrán ẹnu ọ̀nà àti ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi sí, á mú un wá fún ọkọ, ọkọ á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bí ẹni gbé àwòrán ìgbéyàwó kọ́. Bọ́kọ bá sì fẹ́ gbéra, á gbé ohùn ńlá jáde nínú yàrá: "Ẹ̀yin èrò wa, ẹ káàbọ̀ sínú ọkọ̀ wa. Mo kí gbogbo yín o. Mo sì kí Ẹyinjú mi tó jókòó níwájú pátápátá, tí kò san kọ́bọ̀." Ìyàwó á dáhùn láti ìdí iná: "Kí wọ́n fún mi ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé o, èébì máa ń gbé mi."

Ọjọ́ tí omi gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀ ló tó mọ̀ pé orogún lòun ń gbọ́únjẹ fún. Ó kígbe. Ohùn ọkọ wá láti yàrá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ẹyinjú, pẹ̀lẹ́, mo ti ń sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ ti ń sún mọ́ mi." Ó balẹ̀ tán kó tó jáde. Ó balẹ̀ jẹ́jẹ́ o, wọ́n tiẹ̀ yìn ín. Ẹsẹ̀ ìyàwó ti bó.

Wàyí o, ó ku ìrìn àjò kan ṣoṣo, ti ìdánwò, kí wọ́n fún un ní ìlà kẹrin. Ohun tó ń ba ìyàwó lẹ́rù kò ju èyí lọ: kápútẹ́nì ni wọ́n ń fún ní ọ̀nà òkun, ọ̀nà òkun sì ń jẹ odidi ọjọ́. Ọkọ tóun ń rí díẹ̀díẹ̀ yìí, bó bá gba ìlà yẹn, ó parí.

"Bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe kápútẹ́nì, ìgbà wo ni mo máa máa rí ọ?"

"Inú ilé ṣáà ni mo wà."

"Òkú náà, inú ilé ló máa ń wà kí wọ́n tó gbé e jáde."

"Ẹyinjú, ẹnu ẹ mú o. Gbogbo ẹni tó ń kọjá níta yìí ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Níbẹ̀ yẹn, sà ni wọ́n ń pè mí."

"Àwọn wo? Ṣé o mọ ojú wọn ni?"

"Èrò bàálù ò mọ ojú awakọ̀ náà."

Ìyàwó padà sídìí iná. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò nínú ẹ̀.

Kápútẹ́nì kan wà ní pápákọ̀ yẹn, ti tòótọ́ nìyí o, onírùngbọ̀n kan tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Ìyàwó ń sọ ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ̀ fáwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀, bó ṣe ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì ìlà mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì, ni onírùngbọ̀n bá gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí.

"Ẹ mú un wá jàre. Bàálù kan wà ní gáréèjì tí wọ́n ń yẹ táyà ẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí n rí ẹgbẹ́ mi."

"Ẹ ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́, sà?"

"Díẹ̀ báyìí."

Ó yẹ kí ìyàwó ní rárá. Àmọ́ ó rò ó pé ìtìjú ni oògùn ohun tó ń ṣe ọkọ òun. Ẹni tójú bá tì dáadáa níta, ṣebí ilé ló máa sá wá. Ló bá ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Nígbà tó sọ fún ọkọ, ọkọ fò dìde. Ó dì mọ́ ọn. "Ẹyinjú, èmi lo ṣe èyí fún?" Ó fọwọ́ ara ẹ̀ lọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó lọ apá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó jókòó, ó ń wò ó.

Èrò tó wà ní gáréèjì lọ́jọ́ náà kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń tú táyà fi táyà sílẹ̀. Àwọn agbálẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà yàrá awakọ̀, ìyàwó ló wà níwájú, ìgbálẹ̀ ẹ̀ lọ́wọ́, torí ẹnu iṣẹ́ ló wà.

"Kápútẹ́nì ẹgbẹ́ mi," onírùngbọ̀n ní, "wákàtí mélòó lẹ ti fò?"

Ọkọ sọ iye ẹ̀. Kò purọ́. Onírùngbọ̀n súfèé. "Ẹ ti wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ó yá, ẹ jókòó."

Ọkọ wọlé. Ibẹ̀ há ju bó ṣe rò lọ. Orí ẹ̀ kọ́kọ́ gbá àwọn bọ́tìnì òkè, àwọn bọ́tìnì tó mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò ṣáà mọ̀ pé wọ́n ń dun èèyàn lórí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ìkejì há. Ó fà á yọ, ó jókòó. Ó wá rí i pé àga náà jìnnà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kan nǹkan kan, ọwọ́ ẹ̀ ò tó ọwọ́ ìdarí. Ẹ wò ó, nínú kọ̀ǹpútà, bó o bá ti tan eré yẹn, orí àga lo ti máa bá ara ẹ. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ èèyàn níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jókòó.

"Ẹ sún mọ́ ọn, sà," onírùngbọ̀n ní.

Ọkọ na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó la àtẹ́lẹwọ́ sórí afẹ́fẹ́, ìka ẹ̀ ń tẹ òfìfo.

"Máòsì kọ̀ǹpútà ló ń wá," ọ̀kan nínú àwọn onítáyà ní. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀.

"Nílé, ta ló máa ń bá yín sún àga?"

"Àga oníke ni tèmi," ọkọ dáhùn. Ó rò pé ìbéèrè ni.

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé ara wọn. Òógùn ti bo ọkọ lójú. Ó fọwọ́ wá abẹ́ àga lọ́tùn-ún, ó wá a lósì, kò rí nǹkan dì mú. Ó wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó wá ojú kan ṣoṣo tó mọ̀ níbẹ̀.

"Ẹyinjú," ó ní, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀, "ibo ni wọ́n ti ń fà á?"

Obìnrin yìí mọ̀ ọ́n. Irin kékeré kan ni, kò hàn síta, ojoojúmọ́ ló sì ń fà á kó lè rí abẹ́ àga náà gbá. Kò tiẹ̀ nílò kó lanu, bó bá fi ojú júwe ẹ̀ lásán, ọkọ á rí i. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó rántí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó bó.

"Ìwọ ni kápútẹ́nì," ó ní. "Agbálẹ̀ lèmi."

Ẹ̀rín tó bú jáde yẹn, bí ilé wó kò lè pariwo tó bẹ́ẹ̀. Onírùngbọ̀n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ràn án lọ́wọ́, kó má pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́." Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó fi ìkejì fa irin náà. Àga sáré lọ síwájú gbàgà, orúnkún ọkọ gbá irin. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ọkọ kí gbogbo wọn pé ẹ ṣeun, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ìyàwó ń retí pé kó bú òun. Bó bá bú òun, òun náà á sọ ti omi gbígbóná, wọ́n á jọ pariwo, ọ̀rọ̀ á tán. Kò bú u. Ó jẹun, ó fọ abọ́ tó fi jẹ ẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀, kò sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìdí fíríìjì ló wà látàárọ̀. Ìyàwó ní oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Ó tiẹ̀ ń kọrin bó ṣe ń sá aṣọ.

Nígbà tó di Sátidé, ọjọ́ ìdánwò, ọkọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìyàwó lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ohùn ńlá: "Ẹ̀yin èrò wa, ẹ káàbọ̀ sínú ọkọ̀ wa. Mo kí gbogbo yín o." Ó dúró de èyí tó kù. Kò gbọ́ ọ. Ó ní bóyá ó gbàgbé ni. Ó lọ, ó bọ̀, ó gbé oúnjẹ kaná, ó gbé e sọ̀. Nígbà tí ọkọ ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún bá èrò ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sí Ẹyinjú níbẹ̀. Kò pẹ́ ni ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ẹ̀rọ, ọ̀kan lé ọ̀kan: ẹ kú oríire, kápútẹ́nì, kápútẹ́nì, ẹ kú oríire, sà.

Ìyàwó ṣí ilẹ̀kùn. Ó gbé ẹ̀rín sójú. "Wọ́n ti fi ọ́ ṣe é?"

Ọkọ yíjú. Kò bínú, kò fajú ro. Ojú téèyàn fi ń wo ẹni tí wọ́n jọ wọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ló fi wò ó.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó ní. "Gbogbo èrò ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ lè wọlé wá gbálẹ̀."

Obìnrin rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹnu ọkọ bóyá ẹ̀rín á yọ níbẹ̀.

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ má jẹ́ ó pẹ́ o, mà. Ọ̀nà òkun la fẹ́ gbà, a tún máa gbéra."

Ó dúró títí ó fi yé e pé kò ní pe òun lórúkọ yẹn mọ́. Ó lọ mú ìgbálẹ̀ wá. Ó gbá ìdí ògiri lábẹ́ àwọn páálí tóun fọwọ́ ara òun mú wálé, ó gbá ẹnu ọ̀nà, ó gbá a dé ìdí tábìlì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ, ọkọ ò dúró kó tọrọ ààyè. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ sún àga oníke náà sẹ́yìn, kí agbálẹ̀ lè rí abẹ́ ẹ̀ gbá.