Ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ Lọ́nà Ìrágbìjí

Mo lá àlá kan lánàá. Kì í ṣe òru o, ọ̀sán gangan ni, lẹ́yìn oúnjẹ. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé n kò wa ọkọ̀ rí láyé mi. Kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. Àmọ́ nínú àlá yìí, èmi ni mo ń wakọ̀ láti Ìkìrun lọ sí Ìrágbìjí, ọkọ̀ náà kò sì mu epo. Iná mànàmáná ló ń lò, bíi fóònù. Kò pariwo, kò rú èéfín.

Bàbá Ṣíjú, ọkọ mi, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Ọdún kẹta rèé tó ti kú. Àìsàn ló pa á, kì í ṣe eré àsápajúdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún ló fi wa típà oníyanrìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí tọ́tù.

Mo kí i, ó sì dá mi lóhùn.

“Ìgbà wo lẹ máa padà?” ni mo bi í.

“Wọ́n ní kí n bá ọ jókòó títí iná inú ọkọ̀ yìí yóò fi tán.”

Mo wo gíláàsì kékeré tó ń ka iná níwájú mi. Ogún ló kù nínú ọgọ́rùn-ún.

“Tẹ tọ́tù dáadáa,” ni ọkọ mi wí. “Ṣé ìsìnkú lò ń lọ ni?”

Mo tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ fò bí ẹtu. Kí n tó mí, ogún ti di mẹ́rìndínlógún, mo sì ti ń rí àga gba inú àyà ọkọ mi, bí ẹni ń wo inú omi.

“Ìyàwó, rọra.”

Ọkọ̀ ló sọ̀rọ̀. Ohùn ìyá ọkọ mi ni, tó ti kú ṣáájú ọmọ rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Obìnrin yẹn kò fìgbà kan jẹ́ kí n ṣe nǹkan láìkọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

“Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta, Màmá.”

“Fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí o ń rìn nílé tí ọmọ ti sùn. Bí o bá rí ibi tí o fẹ́ dúró, gbé ẹsẹ̀ kúrò láti òkèèrè, má dúró de bíréèkì. Bí eré mi bá ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, iná ń padà sínú mi.”

“Màmá, ẹ jẹ́ ó wakọ̀,” ni ọkọ mi wí.

“Akínlàbí, dákẹ́. Bíréèkì mélòó lo jẹ run láyé?”

Ọkọ mi tẹjú mọ́ àgbàdo rẹ̀.

Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, mo gbé ẹsẹ̀. Mẹ́rìndínlógún di méjìdínlógún, àyà ọkọ mi sì dí padà.

Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì kan ti sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run, ó dúró lófuurufú lókè ọ̀nà. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá wọn, tó so táì, bi mí pé ìwé wo ni mo fi ń gbé òkú rìn nínú ọkọ̀ tí kò léèéfín. Mo ní n kò ní. Ó ní kí n gbé wọn dé ìlú, káwọn lọ lu òǹtẹ̀ fún mi. Wọ́n wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ọ̀gá ṣe ń sọ pé “Gẹ́gẹ́ bí òfin,” ohùn rẹ̀ di “mèé.” Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ewúrẹ́, táì ṣì wà lọ́rùn ọ̀gá, wọ́n ń jẹ fọ́ọ̀mù.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà,” ni mo wí.

“Ẹrù ń pa mí,” ni ọkọ̀ wí. “Mẹ́sàn-án ló kù.”

Mo sọ àwọn ewúrẹ́ kalẹ̀.

“Ẹrù mìíràn ṣì wà nínú búùtù,” ni ọkọ̀ wí.

Mo ṣí i. Yanrìn ló kún ibẹ̀ dẹ́nu. Ọkọ mi ń wo ibòmíràn.

“Yanrìn wo nìyí?”

“Ẹrù tí mo gbé gbẹ̀yìn ni. N kò rí i já kí n tó wọ ọsibítù.”

“Ẹni tó ni ín ńkọ́?”

“Ó ti kọ́lé rẹ̀ tán tipẹ́.”

Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kó o dà sétí títì. Kò jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́. Àwọn ewúrẹ́ gun orí yanrìn náà, wọ́n sùn.

Màmá ní kí n pa éésì, ó ń jẹ iná. Mo pa á. Òógùn bò wá.

“Bàbá Ṣíjú, kí lẹ máa ń sáré lọ bá nígbà yẹn gan-an?”

“Ilé ni.”

“Ẹ ò tètè délé rí.”

“Mo máa ń kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ìyá ọlọ́tí.”

“Mo mọ̀.”

“Mo mọ̀ pé o mọ̀.”

Iná ku méjì, ó ku ọ̀kan. Mo rọra débi pé adìẹ kan kọjá lára wa, ó sì bojú wẹ̀yìn kí wa. Mo rò pé ọkọ mi yóò bínú.

“Rọra sí i, Àwẹ̀ró,” ló wí. Ó gbé orí lé èjìká mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Mo ń fi ọ̀kan yẹn wakọ̀ lọ, kò sì tán.

Ṣíjú ọmọ mi ló jí mi.

“Màámi, ta ló pa fáànù? Ẹ ti rin gbindin fún òógùn.”

Mo wo fáànù. Èmi ni mo pa á lójú oorun. Ó na ọwọ́ kó tàn án.

“Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.”

“Ooru yìí ńkọ́, Màámi?”

Mo ní kò tíì pa èèyàn. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara rẹ̀, a sì wà bẹ́ẹ̀.