Ọjọ́ Tí Awakọ̀ Jókòó Sẹ́yìn

Ọkọ mi, Sùlàímọ́nù, ti dojú ọkọ̀ dé lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà Àbíjàn, kò sì sọ lọ́jọ́ kan rí pé mọ́tò léwu. Ti àkọ́kọ́, ó ní ewúrẹ́ ló fà á. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, òjò ni. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tó yẹ̀ ẹ́ léjìká, ó ní ará Tógò kan ni. Ọdún méjìlélógún ló fi ń kó àwọn ará Ẹ̀jìgbò lọ sí Àbíjàn, tó sì ń kó wọn bọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n bí bàálù bá ń kọjá lókè ilé wa, á dá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró, á gbójú sókè títí yóò fi lọ, á wá ní, "Orí àwọn èèyàn yìí kò pé."

Nínú ìtàn yìí, "ó" ni mo máa pè é. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo ń lò, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n bọ̀wọ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìtàn náà kò ní ṣeé sọ.

Lọ́dún 1985, bọ́dà wà ní títì. Ìjọba ti tì í láti ọdún tó ṣáájú, ọkọ̀ ọkọ mi sì wà lábẹ́ igi máńgòrò, adìyẹ ń yé sábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà tí kásẹ́ẹ̀tì kan dé láti Àbíjàn. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí kò bá lè kọ lẹ́tà á sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, á fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Ohùn Mùínàt la gbọ́ níbẹ̀, ọmọ Ràmọ́nù ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àbíjàn. Ó kí wa, ó tún kí wa, ó bèèrè àlàáfíà àwọn ewúrẹ́ pàápàá, a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀. Ó ní àìsàn tó ń ṣe bàbá òun kò gbóògùn mọ́, dókítà ní bóyá ni wọ́n á lò tó oṣù kan sí i. Ó ní àwọn kò sọ fún Bàbá, ibà làwọn pè é fún wọn. Ó ní ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bèèrè pé ìgbà wo ni Sùlà ń bọ̀.

Ọkọ mi dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà, ó tún un gbọ́. Bàbá Àbíjàn ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Àwọn ló mú un kúrò lóko iṣu ní Ọlá, tí wọ́n kọ́ ọ ní mọ́tò, tí wọ́n fi ọkọ̀ àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́. Àwọn náà ni wọ́n wá tọrọ mi fún un. Ó sunkún níwájú mi, kò sì fi ojú pa mọ́.

"Mo gbọ́dọ̀ rí wọn," ó ní.

Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n bọ́dà tì. Àwọn kan ń fi ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá, àmọ́ àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ nínú wọn ń lo oṣù mẹ́ta látìmọ́lé, Bàbá kò sì ní oṣù mẹ́ta. "Bàálù ló kù," mo ní.

Ó wo ọkọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá Múrí, bí mọ́tò bá bà jẹ́ lọ́nà, a ó sọ̀kalẹ̀ tì í. Èyí tó bá bà jẹ́ lókè, níbo la ó sọ̀kalẹ̀ sí?"



Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo ayé fi gbà á nímọ̀ràn. Alájì Mùkáílà ti Másífà, tó ti lọ sí Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, ní kí ó dijú, kí ó máa ka Áyátúlì Kúrúsíyù, àdúrà ààbò inú Kùránì, kí ó má lajú títí wọn yóò fi gbé oúnjẹ dé. Oyèwọlé, àgbẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Ọlá, tí kò gun ohun tó ga ju ọ̀pẹ lọ rí, ní kí ó jẹ iyán yó dáadáa, pé ikùn tó ṣófo ni ẹ̀rù ń rí gbé. Èmi ní kí ó máa lọ jókòó lójú fèrèsé lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí Bàbá Àbíjàn kọ́, bóyá òkè á mọ́ ọn lára. Ó jókòó níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń jẹ ẹ̀kọ, ó ń na ọrùn síta láti fi bú àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ níwàkuwà. Kò sí ẹ̀rù kankan. Mo wá rí i pé kì í ṣe òkè ló ń bà á lẹ́rù.

"Kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an?" mo bi í.

Ó rò ó. "Ẹni tó ń wà á," ó ní. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ibẹ̀ lojú mi là. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkùnrin yìí, mi ò rí i rí kó jókòó sínú ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń wà. Kódà lọ́jọ́ tó yẹ̀ léjìká, òun ló wa ọkọ̀ ẹni tó wá gbé e dé ọsibítù.

Lọ́jọ́ Ajé, mo mú un lọ sí gáréèjì. Ògúndìran, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ló ń wa bọ́ọ̀sì Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Mo fi ọkọ mi jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá, èmi náà jókòó tì í. A kò tíì kúrò nígboro tó ti figbe ta.

"Búréèkì! Ògúndìran, búréèkì! Kòtò wà níwájú!"

"Mo ti rí i, ọ̀gá."

"O ò rí i!"

Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ gbì, gbì, obìnrin kan tó gbé ẹ̀gẹ́ sábẹ́ ìjókòó ní kó jọ̀ọ́, ẹ̀gẹ́ òun kò tíì fẹ́ di gàrí. Èrò méjì sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ní ó yá àwọn lára láti rìn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a tún lọ. Kò pariwo mọ́, etí mi nìkan ló ń sọ ọ́ sí, èyí tó burú fún mi ju ti àná lọ. Lọ́jọ́rú, kò sọ nǹkan kan. Ó jẹ odidi obì kan tán láti Ẹ̀jìgbò dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ó nu òógùn ojú, ó ní, "Ọmọ yẹn ń gbìyànjú." Ògúndìran yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọdún mẹ́jọ ló lò lábẹ́ rẹ̀ tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé pápá bàálù Ìkẹjà, èmi àti òun, nítorí ó ní òun kò lọ láìsí mi. Ẹsẹ̀ la fi rìn dé ìdí bàálù. Gbogbo èrò tò lọ síbi àtẹ̀gùn, ọkọ mi sì yà kúrò lórí ìlà, ó wọ abẹ́ bàálù lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà. Òṣìṣẹ́ kan sáré wá bá a.

"Bàbá, kí lẹ ń wá?"

"Afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé," ọkọ mi ní.

Òṣìṣẹ́ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fà á lọ́wọ́ padà sórí ìlà.

Awakọ̀ bàálù dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí èrò, òyìnbó kan báyìí tí orí rẹ̀ ti ń hewú. Ọkọ mi dúró níwájú rẹ̀, àwọn èrò tó kù sì tò sẹ́yìn wa. Ó ní kí wọ́n bá òun bi í pé ọdún mélòó ló ti ń wà á. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò bá a túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó ní ọdún mọ́kàndínlógún. Ọkọ mi rò ó wò, ó ní kò burú. Ó wá ní kí wọ́n tún bá òun bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti dojú rẹ̀ dé. Ọmọbìnrin náà kò túmọ̀ ìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè kò pọ̀. Ó dijú, ó ń ka ohun tí Alájì ní kó máa kà, nígbà tó yá ó ṣì í kà, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Nígbà tí bàálù mì jìgìjìgì, ó ní, "Kòtò ni. Ó yẹ kó ti gba ẹ̀gbẹ́." Ó jọ pé ìyẹn tù ú nínú. Wọ́n gbé tíì wá, ó la ojú kan mu ún. Nígbà tí táyà kanlẹ̀ ní Àbíjàn, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Búréèkì." Bàálù sì dúró. Títí di òní, ó gbà pé òun ló dá a dúró.

Mùínàt ti ń dúró dè wá níta. Kí ó tó kí wa tán, ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti táyà, ó sọ ti òyìnbó, ó fi ọwọ́ júwe bí a ṣe gbéra. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a bí Múrítàlá. Mùínàt gbọ́ ọ tán, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá mi pé bàálù lẹ wọ̀ wá."

"Kí ló dé?"

"Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ẹ ò lè wọ bàálù láéláé. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ wọ̀ ọ́ nítorí tiwọn, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe ibà."

Ọkọ mi dúró, ọwọ́ tó fi ń júwe ṣì wà lókè. Nǹkan tó le jù lọ tó ti ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ó dáa," ó ní.

Ní Àjàmé, àdúgbò tí wọ́n ń gbé ní Àbíjàn, a bá Bàbá Àbíjàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti gbẹ. Ǹ bá má dá wọn mọ̀ bí kò bá ṣe ti ohùn wọn.

"Sùlà! Ọ̀nà wo lo gbà?"

"Mo gba ojú omi láti Bàdágírì, ẹ̀gbọ́n. Mo gúnlẹ̀ sí Àjàṣẹ́. Mo wọ mọ́tò ní Kútọnù."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Márùn-ún."

Wọ́n bi í bóyá ọ̀nà ti dára lẹ́yìn Lómẹ́. Ó ní ó ti dára díẹ̀. Wọ́n béèrè àwọn aṣọ́bodè Gánà. Ó ní bí wọ́n ṣe wà náà ni wọ́n ṣì wà. Bàbá rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé irọ́ náà ń lọ dáadáa.

"Bọ́ bàtà ẹ," wọ́n ní. "Na ẹsẹ̀ ẹ síbí."

Ọkọ mi na ẹsẹ̀. Bàbá fi àtàńpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n wò ó. Wọ́n wo tèmi náà láti ibi tí wọ́n wà.

"Ẹni tó bá jókòó sínú mọ́tò fún ọjọ́ márùn-ún, ẹsẹ̀ ẹ̀ á wú," wọ́n ní. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kó èrò, Sùlà. Kò sẹ́ni tí tiẹ̀ kì í wú."

Mùínàt jáde síta.

"Bàálù lo wọ̀."

Ọkọ mi, tó ti purọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù orílẹ̀-èdè mẹ́rin, kò tún rí ọ̀kan ṣoṣo pa fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní.

Bàbá Àbíjàn mi orí díẹ̀díẹ̀. "Mo ti ń rò pé ibà ni," wọ́n ní.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé Ọlọ́run tóbi, pé dókítà kì í ṣe Ọlọ́run, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ tèmi. Ojú ọkọ mi ni wọ́n ń wò.

"Ẹ̀rù bà ọ́?"

"Ó bà mí gan-an, ẹ̀gbọ́n."

"Títí ẹ fi balẹ̀?"

"Títí di ìsinsìnyí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," Bàbá ní. "Kí lo wá ṣe sí i?"

Mo rò pé yóò dárúkọ àdúrà, tàbí obì, tàbí iyán Oyèwọlé. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Kò sí nǹkan tí mo ṣe," ó ní. "Wọn ò fún mi ní sítíárì. Ìyá Múrí ló di ọwọ́ mi mú títí a fi dé."

Mi ò mọ̀ pé ó mọ̀. Kí n má purọ́, ẹ̀rù ló ba èmi náà tí mo fi dì í mú. N ò kàn sọ ọ́ fún un ni.

Bàbá Àbíjàn yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ aṣọ ìbora, wọ́n nà án sí i. Ó gbà á. Ọjọ́ mọ́kànlá la lò níbẹ̀ kí wọ́n tó kú, kò sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ àfi bí ó bá fẹ́ lọ kírun. Bí ó bá sì fẹ́ dìde, á ní kí n wá bá òun dì í mú títí òun yóò fi dé.