Ẹkún Ọmọdé, Ẹ̀rín Àgbà

“Èmi kọ́ o! Lẹ́tà yìí ló ń kẹ̀yìn sí mi!”

Ọmọbìnrin kékeré náà ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó bú sẹ́kún níwájú pátákó. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn ni olùkọ́ kíláàsì àkọ́kọ́, tí àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí, ti ń kọ́ wọn ní “b” àti “d”. Gbogbo “b” tí ọmọ yìí bá kọ ló ń di “d” mọ́ ọn lọ́wọ́. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń nu ikun imú rẹ̀. Kò mọ̀ pé Màmá, ẹni tó ni ilé-ìwé, dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ sí fídíò.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, fídíò náà ti délé dóko. Ọkọ Àǹtí fi hàn án nídìí oúnjẹ àárọ̀, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

“Wo ọmọ yìí, jàre! Lẹ́tà ń kẹ̀yìn sí i! Ṣé kíláàsì tìrẹ kọ́ nìyí?”

Àǹtí wo ẹkún ọmọ náà, ó wo àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí tí wọ́n ń pè é ní olódo nísàlẹ̀ fídíò. Ó tu búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ sọ́wọ́.

“Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín níbẹ̀?”

“Ṣebí ọmọdé ni.”

“Torí pé ọmọdé ni mo ṣe ń bi ọ́.”

Ní kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ti sọ ọ́ dorin: “Ó ń kẹ̀yìn sí mi! Ó ń kẹ̀yìn sí mi!” Àǹtí pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá na ṣọ́ọ̀kì sí i, yóò ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá.

Ní Ọjọ́rú, ìyá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, dúró de Àǹtí lẹ́nu géètì.

“Àǹtí, àwọn oníbàárà mi ń fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi. Ta ló ní kí wọ́n yà á?”

“Kò sẹ́ni tó bi mí, Ìyá. Kò sì sẹ́ni tó bi yín.”

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá pe Àǹtí sí ọ́fíìsì. Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Àǹtí, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wa! Àwọn òbí tó fẹ́ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ń pè wá lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ní àwọn ń retí apá kejì fídíò yẹn. Tó bá di ọ̀la, ẹ fún ọmọ yẹn ní nǹkan tó le díẹ̀, kó tún sunkún. Ẹ má nà án o! A kì í na ọmọ níbí. Ẹ kàn fayé sú u díẹ̀.”

“Màmá, ọmọ yẹn ò sọ̀rọ̀ mọ́.”

“Ìyẹn tún dáa! Á wọ àwọn èèyàn lára.”

Ọ̀rọ̀ náà kó Àǹtí nírìíra. Ó dà bí ẹni tó mu omi tán, tó wá rí aáyán nísàlẹ̀ ife. Ó jáde lọ fọ ẹnu rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó kó àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbé omi sínú abọ́, wọ́n sì ń fi ìka tútù kọ lẹ́tà sórí sìmẹ́ńtì tí oòrùn gba ojú fèrèsé tàn sí.

“Èyí tó bá wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Oòrùn á pa á rẹ́.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọ náà tó yọ ọwọ́ kan lábẹ́ abíyá. Ó ti ìka bọ omi. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí, fóònù ló ṣáájú Màmá wọlé. Ọmọ náà fi ojú pamọ́ sínú síkẹ́ẹ̀tì Àǹtí.

“Ó ti bẹ̀rẹ̀! Ẹ kúrò lọ́nà, Àǹtí!”

Àǹtí dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú fóònù náà.

“Ẹ pa fóònù yín, Màmá. Kí ẹ sì yọ fídíò àkọ́kọ́ kúrò.”

“Ìwọ? Ta ló gbà ọ́ síṣẹ́ níbí?”

“Ẹ̀yin ni, mà. Iṣẹ́ olùkọ́ lẹ gbà mí sí.”

Màmá pòṣé. “Tí wọ́n bá jáde lónìí, kó ẹrù ẹ.”

“Mo gbọ́, mà. Èmi àti ìyá ọmọ yìí á jọ yà sí ọ́fíìsì yín nítorí fídíò yẹn ká tó lọ.”

Ó sin ín dé ẹnu ọ̀nà, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó yíjú padà, gbogbo àwọn ọmọ ń wò ó.

“Àǹtí,” ọmọ náà sọ jẹ́jẹ́, “omi ti tán nínú abọ́.”

Àǹtí gbé abọ́ náà, ó lọ pọn òmíràn wá.