Àgbàdo Ẹnì Kan

"Ilé ta ni o ti ń jẹun?" Firmin, akọ̀wé kọ́mándà Faransé tó ń ṣàkóso Kétu, ló bi Wùmí bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo èrò tó wá forúkọ sílẹ̀ fún àgbàdo ìrànwọ́.

Kí opó náà tó la ẹnu, Àkànmú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó kú, ti gbà á sọ. "Ilé mi ni. Ebi kì í pa ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé mi."

Irọ́ gbuu! Láti ìgbà tí eéṣú ti jẹ oko Kétu tán, ewé gbúre lásán ni Wùmí ń sè fún Rẹ̀mí àti Pierre, àwọn ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ Pierre sì ti ń wú. Ṣùgbọ́n Àkànmú ní ẹ̀rọ ìránṣọ tó fi ń pa owó, àwọn Faransé sì ti là á kalẹ̀ pé ilé tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ti ju iye tí ìjọba dá lọ, ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ kò ní gba àgbàdo ìrànwọ́. Àkànmú mọ̀. Kí wọ́n má ṣáà pe ilé rẹ̀ ní ilé tálákà ló jẹ ẹ́ lógún.

Wùmí bi Firmin bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Firmin ní bó bá kúrò nílé Àkànmú, tó dá ààrò tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn á kà á sí ilé ọ̀tọ̀.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wùmí kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ níwájú Àkànmú, ó ní kí ó jẹ́ kí òun kó àwọn ọmọ lọ sí abà bàbá wọn ní Odomèta.

"Ọ̀nà là fún ọ," ni Àkànmú wí. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àbúrò mi kò ní bá ọ lọ. Ọmọ ilé yìí ni wọ́n."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó sunkún títí. Àwọn àgbà ilé ní bẹ́ẹ̀ ni àṣà wí. Ó bá dá nìkan lọ, ó ń rò ó pé bí òun bá ṣáà ti rí àgbàdo gbà, àwọn ọmọ òun á jẹ.

Nígbà tí wọ́n ń pín àgbàdo náà, Firmin wo ẹ̀yìn Wùmí, kò rí ọmọ kankan.

"Èèyàn mélòó ló ń jẹun nídìí ààrò rẹ?"

Ó fẹ́ sọ pé mẹ́ta. Àkànmú dúró láàárín èrò, ó ń wò ó.

"Èmi nìkan ni."

Wọ́n wọn ti ẹnì kan sínú igbá rẹ̀. Kò gbé e lọ sí Odomèta. Ẹ̀yìnkùlé Àkànmú ló gbà, ó rọra pe Rẹ̀mí, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú aṣọ ọmọ náà. Ó ní kí ó máa sè é ní díẹ̀díẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, kí Rẹ̀mí náà sì máa jẹ níbẹ̀.

Rẹ̀mí wo igbá náà. "Ìyá mi, kí ni ẹ̀yin máa jẹ?"

"Wọ́n ti fún mi ní tèmi."

Ó da igbá òfìfo náà borí, ó sì kọjú sí ọ̀nà abà.