Ẹni tí Kò Ní Nọ́ńbà Fóònù

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé ẹ̀rọ ò mọ ìgbà tó yẹ kó yọ èèyàn lẹ́nu. Ó mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n jù. Ọdún méjì gbáko ni Moyọ̀sọ́lá ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Sùúrùlérè, ọdún méjì náà ni sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pa gbogbo àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn mọ́, fi ń ṣe dáadáa. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí ẹ̀mí èèyàn wá so rọ̀ mọ́ ọn gan-an ló sọ pé òun ò dìde.

Lubabah, aránṣọ kan láti Muṣin, ni ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ó ti bímọ láago méjìlá, ọmọbìnrin làǹtì-lanti, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá. Dókítà Akínọlá ti ṣe gbogbo èyí tí ọwọ́ ń ṣe. Ẹ̀jẹ̀ O nẹ́gẹ́tíìfù ni ti Lubabah, irú èyí tó wọ́n bí imí eégún, tí kò sì lè gba òmíràn àfi irú tirẹ̀. Àpò kan péré tó wà nínú fìríìjì ti wọ ara rẹ̀ tán. Wọ́n ti pe àwọn ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí. Èyí tó yá jù ní ó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ kò bá a mu.

"Moyọ̀," ni dókítà wí lẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, "ìwé àwọn tó ń fẹ̀jẹ̀ tọrẹ ńkọ́? Bá mi yọ gbogbo O nẹ́gẹ́tíìfù jáde ká máa pè wọ́n. Mi ò rò pé obìnrin yìí lè dúró di aago mẹ́fà."

Moyọ̀sọ́lá sáré. Ìgbà tó dé ìdí sẹ́fà, ojú kọ̀ǹpútà kàn ń wò ó ni. Wọ́n ti mú iná láàárọ̀, wọ́n dá a padà, wọ́n tún mú un. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n dátábéèsì, ìyẹn àká tí àwọn orúkọ wà nínú rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kó dìde, ó ṣe bí ẹni fẹ́ gbéra, ó tún jókòó. Ó pa gbogbo rẹ̀, ó tún un tàn. Pàbó ló já sí. "Jọ̀ọ́, má ṣe mí báyìí," ni Moyọ̀sọ́lá ń wí, bí ẹni ń bẹ ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Ìwé ńlá àtijọ́ tí wọ́n máa ń kọ orúkọ sí ńkọ́? Òun náà ló ní kí wọ́n kó o dànù nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, pé pàǹtí ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le báyìí, ẹni tó mọṣẹ́ kì í lu ẹ̀rọ nílùkulù. Ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ nípa ara rẹ̀ ló ń kà. Moyọ̀sọ́lá ṣí àkọsílẹ̀ náà, ó lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: àyè ti tán lórí díìsìkì, ibi tí sẹ́fà ń kó ẹrù rẹ̀ sí. Dátábéèsì tó bá fẹ́ dìde gbọ́dọ̀ rí ibi kékeré kan kọ nǹkan sí, èyí kò sì rí ibi tó tó èékánná.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ni Láyí, ọkùnrin tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní yàrá kejì, tó fẹ́ràn fíìmù bí ẹ̀mí.

"Búọ̀dá Láyí! Ẹ ti kó fíìmù sínú sẹ́fà mi, àbí?"

"Èmi kẹ̀? Inú fóònù mi ni mo ti ń wo fíìmù tèmi o. Moyọ̀, má kó bá mi lónìí, mo bẹ̀ ọ́."

Moyọ̀sọ́lá padà sídìí sẹ́fà, ó wò ó fínnífínní. Háà! Ta ló kó ẹrù kún díìsìkì? Òun fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, ẹ̀rù iná Èkó ń bà á, ló bá pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé ìgbàkígbà tí iná bá dé, kó ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ pamọ́. Ọgbọ́n ni lójú tirẹ̀. Ta ni yóò wá ka iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní Sùúrùlérè? Lọ́jọ́ mìíràn ó ń tó ẹ̀ẹ̀méje kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀dà lórí ẹ̀dà fún ọdún méjì, kò sì rántí pàṣẹ pé kó máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ojú tì í débi pé ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń wo òun.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa nǹkan rẹ́. Àpamọ́ ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀dà náà, ìka rẹ̀ sì ti fẹ́ẹ́ bà á kí iṣẹ́ lè yá, àfi bó ṣe rántí pé ibi tí dátábéèsì ń kọ ìrántí ara rẹ̀ sí nìyẹn. Ẹni tó bá pa ìyẹn rẹ́ ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀. Ó fi ẹ̀dà mẹ́ta tó kẹ́yìn sílẹ̀, ó pa àwọn àtijọ́ yòókù rẹ́, ó wá ní kí dátábéèsì dìde. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ń wo ìrántí rẹ̀ láti mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé kí iná tó lọ. Ó dìde! Moyọ̀sọ́lá fọwọ́ lu tábìlì, ó ní, "Olúwa, o ṣé o!"

Ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń wá àwọn tó ń fẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Kò sí ẹnì kankan. Òdo ló gbé wá.

Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà nínú ìwé náà lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó ṣí ìbéèrè tó ti kọ sẹ́yìn bọ́tìnnì ní èdè SQL, èdè tí wọ́n fi ń bi dátábéèsì ní nǹkan. Ohun tí ìbéèrè náà ń sọ ni pé: mú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O nẹ́gẹ́tíìfù wá, kí orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ pé, kó ní nọ́ńbà fóònù, kó ní nọ́ńbà ilé àti orúkọ àdúgbò. Moyọ̀sọ́lá ló kó gbogbo "kó ní, kó ní" yẹn síbẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ kì í dùn sí àkọsílẹ̀ tí kò pé. Irú ìbéèrè báyìí dà bí omidan tó ní ọkọ òun gbọ́dọ̀ ga, kó pupa, kó lówó, kó má sì ní ìyá. Ilé bàbá rẹ̀ ni yóò dàgbà sí.

Ó yọ nọ́ńbà ilé kúrò. Òdo. Ó yọ orúkọ pípé kúrò. Òdo. Ó wá yọ nọ́ńbà fóònù kúrò, ìlà kan ṣoṣo sì yọjú. Bàbá Abọ́dúndé, jórinjórin, Iganmu. Ibi tí nọ́ńbà fóònù yẹ kó wà ṣófo. Ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ ni Àǹtí Christianah.

Àǹtí Christianah ló ń kọ orúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀ níwájú. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kì í sì la ẹnu pe ẹni tó jù ú lọ lórúkọ, ká má tíì sọ pé kó kọ ọ́. "Ìyá Débọ̀" ni yóò kọ. "Bàbá onítáyà" ni yóò kọ. Moyọ̀sọ́lá ti bá a fa ọ̀rọ̀ yìí títí. "Àǹtí, kọ̀ǹpútà ò mọ Ìyá Lágbájá o!" Èsì rẹ̀ kì í yàtọ̀: "Èmi mọ̀ wọ́n." Òun alára wá ni kì í jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ pe òun níbi iṣẹ́. Àǹtí Christianah ni ó ní kí wọ́n máa pe òun, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ìdí.

Láti àárọ̀ ló ti lọ sí Ọ̀yìngbò lọ ra aṣọ ibùsùn fún wọ́ọ̀dù, kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo wàhálà yìí. Bí Moyọ̀sọ́lá ṣe ń wá nọ́ńbà rẹ̀ láti pè é ló wọlé, tòun ti ẹrù lápá.

"Àǹtí, ẹ kú àbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Bàbá Abọ́dúndé?"

Ẹrù bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Christianah. "Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹni tó bímọ lónìí. O nẹ́gẹ́tíìfù là ń wá, àwọn nìkan ló sì wà nínú ìwé wa. Kí lorúkọ wọn gan-an? Níbo la ti lè rí wọn?"

Àǹtí Christianah bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa aṣọ ibùsùn jọ. Inú Moyọ̀sọ́lá ru. "Ẹ wò ó, Àǹtí, ohun tí mo ń sọ fún yín láti ọjọ́ yìí nìyí! Ẹ ò kọ orúkọ, ẹ ò kọ nọ́ńbà, èèyàn sì ń kú lọ ní..."

"Ọkọ mi ni."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àǹtí Christianah jókòó lórí aṣọ ibùsùn tó kó dé, ó sì sọ ọ́ ní ṣókí, nítorí pé kò sáyè ọ̀rọ̀ gígùn. Abọ́dúndé ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tí ọkọ̀ gbá a ní Costain, ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ní. Àwọn dókítà ọjọ́ náà ń pariwo pé ká wá O nẹ́gẹ́tíìfù wá, ìyá ń pe bàbá, kò wọlé, ó tún pè, kò wọlé. Bàbá wà nídìí iṣẹ́ ní Iganmu, ó sì ti pa fóònù, nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n máa dí òun lọ́wọ́ bó bá ń jó irin. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ ti lọ. Ìyá kó ẹrù jáde nílé ọkọ, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

"Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá síbí," ni Àǹtí Christianah wí. "Wọ́n ní ká kọ àwọn sílẹ̀, pé bí ọmọ ẹlòmíràn bá nílò ẹ̀jẹ̀ àwọn, ká pe àwọn. Mo kọ ọ́, mi ò wo ojú wọn. Orúkọ, ẹnu mi ò gbà á, ọkọ mi ni. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà, mo mọ̀ ọ́n lórí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni. Mo ní kí àwọn náà jókòó, kí wọ́n máa retí ìpè tí kò ní í dé."

Moyọ̀sọ́lá tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Àánú obìnrin yìí ṣe é débi pé omi lé ròrò sí i lójú. "Àǹtí, ẹ dárí jì mí. Ẹ kà á fún mi, èmi á pè wọ́n."

"Rárá. Èmi ni." Ó yọ fóònù, ó ń wò ó. "Moyọ̀, bó bá tún jẹ́ pé wọ́n ti pa fóònù wọn ńkọ́? Mi ò lè fara dà á lẹ́ẹ̀kejì."

Síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Kò tíì dún tán lẹ́ẹ̀kan tí ohùn ọkùnrin fi jáde: "Ìyá Abọ́dúndé."

"Ẹ̀jẹ̀ yín ni wọ́n ń wá níbí. Obìnrin kan ló bímọ."

"Mo ń bọ̀." Kò bi í ní nǹkan kan sí i.

Kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, awò ojú dúdú tí wọ́n fi ń jó irin ṣì wà níwájú orí rẹ̀, eérú irin kún ẹ̀wù rẹ̀. Láyí jókòó tì í, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ yín?" Ó ní, "Ọládipúpọ̀." Láyí kọ ọ́ sára àpò ẹ̀jẹ̀. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò tinútẹ̀yìn, ara bàbá le, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì bá ti Lubabah mu. Wọ́n gbà á, wọ́n sáré gbé e wọ wọ́ọ̀dù.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ kí Dókítà Akínọlá tó jáde. Ó fara ti ògiri. "Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Eléyìí á gbé e dé ìgbà tí ìyókù bá dé. Ó ti lajú, ó ní ọmọ òun dà." Ọkọ Lubabah dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ níbẹ̀, kò mọ ẹni tó yẹ kó kí nínú gbogbo wọn.

Moyọ̀sọ́lá jáde lọ gba nọ́ńbà, kó lè kọ ọ́ sínú ìlà tó ṣófo. Bàbá wà lórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn yàrá àyẹ̀wò, ìgò mọ́ọ̀tì tí wọ́n fún un wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì ṣí i. Àǹtí Christianah dúró lókèèrè, ó fọwọ́ lẹ́rán. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ. Moyọ̀sọ́lá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò lè lọ, kò lè bọ̀.

"Ó yè?" ni bàbá béèrè.

"Ó yè."

Bàbá bo ojú, ó sunkún bí ọmọdé. Àǹtí Christianah jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn. Ó wá ní, "Ẹ yára gbé fóònù yẹn o."

"Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti kú, Ìyá Abọ́dúndé, mi ò pa á mọ́. Bí mo bá ń jó irin, ó wà lápò àyà mi. Bí mo bá sùn, ó wà nídìí etí mi. Mi ò mọ ẹni tí mo ń retí."

Àǹtí Christianah wá jókòó sí òdìkejì bẹ́ńṣì náà. Ó gba ìgò mọ́ọ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi eyín ṣí i, ó gbé e padà fún un.

"Ẹ mu ún, ẹ̀jẹ̀ yín ti dín kù. Ṣé ẹ ti jẹun láti àárọ̀?"

"Mi ò tíì jẹun," ni ọkọ rẹ̀ wí.